Ilẹ̀ Tutù, Ata Ń Rọ: Ibo Ni Omi Ń Gbà Lọ?

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ tíṣà, tó ń dá oko ẹ̀fọ́ àti ata sí etí odò ní Ìyàrá, ní ilẹ̀ Ìjùmú, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́:

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo lọ́ ata rodo àti tòmátì sí àkúrọ̀ wa nígbà tí Kérésì ku díẹ̀. Wọ́n mú dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ọyẹ́ ti le, bó bá ti ń di ọ̀sán, ewé wọn á rọ, wọ́n á so wọ̀lọ̀wọ̀lọ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò gbẹ o. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, ẹsẹ̀ mi ń rì. Síbẹ̀ àánú wọn ń ṣe mí, mo ń bomi rin wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ní báyìí, ewé ìsàlẹ̀ àwọn kan ti ń pọ́n. Ọmọ mi ní kí n bu ajílẹ̀ urea sí i. Èyí tó wá yà mí lẹ́nu jù ni igi kajú tó wà lókè ọgbà náà: kò rí òjò láti oṣù kọkànlá, ẹnikẹ́ni ò bomi rin ín, ó tutù yọ̀yọ̀, ó sì ń tanná. Kí ló dé?"

Òkun o, màmá. Ẹ kú ọ̀gbìn, ẹ sì kú ọyẹ́ tó ń fẹ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ẹ máa ṣe lónìí kí á tó jókòó ti àlàyé. Ẹ dá omi ọ̀sán dúró. Ti ìrọ̀lẹ́ náà, ẹ fi sílẹ̀ ná. Lọ́la, kí oòrùn tó yọ, ẹ lọ wo ojú ata yẹn. Èyí tó rọ lọ́sàn-án àná, bó bá ti nà padà, tó dúró ṣánṣán, ó ṣeé ṣe kó má sí àrùn lára rẹ̀: omi tó ń jáde lára rẹ̀ lọ́sàn-án ló pọ̀ ju èyí tó ń wọlé lọ, òru sì ti bá a dí i. Èyí tó bá ṣì rọ ní ìdájí, tí oòrùn kò tíì kàn án, òun ni kí ẹ fura sí. Yálà gbòǹgbò rẹ̀ ti bàjẹ́, tàbí nǹkan ti dí iṣan inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ni kì í wo ọ̀gbìn wọn láàárọ̀ kùtù. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń wò ó, ìgbà yẹn sì ni gbogbo wọn máa ń jọra, aláìsàn àti ẹni tó le.

Ewé tó rọ kò fi hàn pé ilẹ̀ gbẹ. Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín gan-an nìyẹn, ó sì gba pé kí á tẹ̀ lé omi láti ibi tó ti ń jáde dé ibi tó ti ń wọlé.

Ẹ já ewé ata kan, kí ẹ yí i dà. Abẹ́ rẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí, ihò kọ̀ọ̀kan sì ní ètè méjì tó ń ṣí tó ń pa dé. Ibẹ̀ ni ewé ń gbà mí. Kábọ́nì dáyọ́kísáìdì inú afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ wọlé, òun ni ewé ń fi omi àti ìmọ́lẹ̀ oòrùn sọ di oúnjẹ. Wàhálà ibẹ̀ ni pé inú ewé tutù rinrin. Bí ihò bá ṣí kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, omi inú ewé á gba ojú kan náà bá afẹ́fẹ́ lọ. Kò sí ohun ọ̀gbìn tó lè ṣe oúnjẹ kó má pàdánù omi. Nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n omi tí gbòǹgbò bá fà, nǹkan bí 97 sí 99 ló ń gba ewé jáde. Ìwọ̀nba díẹ̀ ló ń kù sára láti fi dàgbà. Ìdí àgbàdo kan ṣoṣo lè gbé nǹkan bí lítà 200 gba ara rẹ̀ kọjá láti ìgbà tó hù títí tó fi gbó.

Àlùfáà ìjọ kan ní Teddington, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Stephen Hales, ló fi sùúrù wọn èyí. Ó gbin òdòdó sunflower sínú ìkòkò, ó dé ojú ìkòkò náà pa kí ilẹ̀ inú rẹ̀ má baà gbẹ fúnra rẹ̀, ó wá ń gbé e ka òṣùwọ̀n láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1727. Ọjọ́ tí oòrùn bá mú, tí afẹ́fẹ́ sì gbẹ, ni omi ń jáde jù. Lóru, díẹ̀ bíńtín ni. Nígbà tó fi ìwọ̀n ara wé ìwọ̀n ara, ó ní omi tó ń jáde lára òdòdó náà fi ìlọ́po 17 ju èyí tó ń jáde lára èèyàn lọ. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin yìí torí pé kò ní ju òṣùwọ̀n, ìkòkò àti àkókò lọ. Ọmọ ilé-ìwé gírámà èyíkéyìí ní Kàbà tàbí Ìsánlú lè ṣe é lónìí.

Ó yẹ kí ó ti yé yín ìdí tí ọyẹ́ fi dá wàhálà yìí sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti Sàhárà bọ̀ kò ní omi lára. Ó ń là wá létè, ó ń gbẹ aṣọ tí a sá kí á tó yíjú. Ata tó wà nínú oṣù kẹjọ àti ata tó wà nínú oṣù kìíní lè jẹ́ ẹyọ kan náà, lórí ilẹ̀ kan náà, kí ti oṣù kìíní máa pàdánù omi ní ìlọ́po ti èkejì. Bí oòrùn bá wá kan àtàrí, tí atẹ́gùn náà ń fẹ́, kódà gbòǹgbò tó le koko kò ní lè fà á yá tó bẹ́ẹ̀. Ewé á rọ. Ẹni tó bá ti gbin elégédé mọ̀ ọ́n: bí omi tilẹ̀ ń ṣàn ní ẹsẹ̀ rẹ̀, ewé ńlá yẹn á rọ ní aago kan ọ̀sán, nígbà tó bá fi di aago márùn-ún, á ti dìde. Rírọ yẹn pàápàá ní àǹfààní tirẹ̀, nítorí ewé tó so kọ́ kì í gba oòrùn tó èyí tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Àwọn ètè ihò yẹn náà kì í ṣe òǹwòran. Wọ́n ń fa pọtásíọ̀mù wọ inú ara wọn kí omi lè tẹ̀ lé e, kí wọ́n wú, kí ihò ṣí. Bí omi bá ti ń dínkù, pọtásíọ̀mù á jáde, wọ́n á rọ̀, ihò á pa dé. Gbòǹgbò tó bá kan ilẹ̀ gbígbẹ sì tún máa ń mú kí èròjà kan pọ̀ nínú ewé, èyí tó ń sọ fún ihò wọ̀nyẹn pé kí wọ́n tì.

Nísinsìnyí, ta ló ń gbé omi gòkè? Ata kò ga, a lè má fiyè sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìrókò tó ga tó mítà 40. Ẹ̀rọ tí a bá gbé sókè kànga láti máa fa omi kò lè fà á kọjá nǹkan bí mítà 10, bó ti wù kí agbára rẹ̀ tó. Igi redwood kan sì wà ní California tó ga ju mítà 115 lọ, tí ewé orí rẹ̀ ń rí omi mu. Igi kò ní ọkàn tó ń lù, kò ní ẹ̀rọ.

Ní Jámánì, ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Eduard Strasburger gé igi kan tó ga ju mítà 20 lọ ní ìdí, ó ki ìdí rẹ̀ bọ inú májèlé. Májèlé náà gòkè, ó ń pa gbogbo ohun tó wà láàyè nínú igi náà bó ti ń lọ. Síbẹ̀ omi kò dúró. Ó ń gòkè lọ títí ó fi dé ọ̀dọ̀ ewé. Ìgbà tí ewé kú ló tó dáwọ́ dúró. Ohun tí èyí fi hàn ni pé iṣan tí omi ń gbà kì í ṣe ohun alààyè. Sẹ́ẹ̀lì tó ti kú ni, tó ti ṣófo, tí wọ́n to ara wọn láti gbòǹgbò dé ewé, tí ògiri wọn sì le bí igi, nítorí igi gan-an ni wọ́n. Agbára tó ń gbé omi ń bẹ lókè, níbi tí oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti ń gba omi lọ́wọ́ ewé. Ní 1894, Henry Dixon àti John Joly ní Dublin ló ṣàlàyé bó ṣe ń ṣẹlẹ̀: omi máa ń di ara rẹ̀ mú gírígírí, bí ìkán omi kan bá jáde lójú ewé, á fa èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn á fa tẹ̀yìn rẹ̀, títí dé inú ilẹ̀. Bí okùn kànga ni: ọwọ́ òkè ló ń fà, ìsàlẹ̀ ni omi ti ń dìde.

Okùn yìí máa ń já. Bí fífà bá le jù, tí ilẹ̀ kò sì fi omi sílẹ̀, atẹ́gùn á yọ nínú iṣan, iṣan yẹn á di òfìfo, omi ò ní gbà á mọ́. Ní 1966, John Milburn àti Johnson, ẹnìkejì rẹ̀, fi ẹ̀rọ agbóhùn sára ọrùn ewé làrà tó ń gbẹ lọ, wọ́n sì gbọ́ ọ tó ń dún ta, ta, ta, bí iṣan ṣe ń já lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun ọ̀gbìn kéékèèké lè tún díẹ̀ ṣe lóru. Ìdí nìyẹn tí òru fi ṣe pàtàkì fún ata yín ju kẹ́ẹ̀nì omi ọ̀sán lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀kalẹ̀ sínú ilẹ̀, nítorí mo gbà pé ibẹ̀ ni tiyín ti bàjẹ́.

Gbòǹgbò ńlá tí ẹ ń rí nígbà tí ẹ bá fa ata tu kọ́ ló ń mu omi jù. Tiẹ̀ ni kó di ilẹ̀ mú. Èyí tó ń mumi ni àwọn ọ̀dọ́ gbòǹgbò, nítòsí ṣóńṣó wọn, níbi tí irun tín-ínrín bo ara wọn. Irun kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan péré, kì í pẹ́ láyé, òmíràn ń hù rọ́pò rẹ̀ bí ṣóńṣó gbòǹgbò ṣe ń rìn síwájú. Wọ́n pọ̀ ju bí èèyàn ṣe lè rò. Ní 1937, Howard Dittmer ní Amẹ́ríkà fọ ilẹ̀ kúrò lára ọkà rye kan ṣoṣo tó jẹ́ ọmọ oṣù mẹ́rin, ó kà á, ó ṣírò rẹ̀: irun gbòǹgbò tó wà lára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bílíọ̀nù 14. Bí a bá so gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ pọ̀, láìka irun mọ́ ọn, ó ju kìlómítà 600 lọ. Ọ̀nà láti Kàbà dé Èkó kò tó bẹ́ẹ̀. Ọkà kan péré! Àwọn irun yìí ló máa ń já nígbà tí a bá fa irúgbìn tu nínú nọ́sìrì láìmú ilẹ̀ mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́ fi máa ń rọ fún ọjọ́ mélòó kan. Tiyín ti kọjá ìyẹn.

Omi ń wọ inú irun gbòǹgbò torí pé iyọ̀ àti ṣúgà tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju ti omi ilẹ̀ lọ; ibi tí nǹkan ti pọ̀ nínú omi ni omi ń rọ́ lọ. Ó ń ti sẹ́ẹ̀lì kan bọ́ sí òmíràn dé àárín gbùngbùn gbòǹgbò, níbi tí àmùrè ọ̀dà kan ti yí iṣan ká. Omi kò lè yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ àmùrè yìí; ó di dandan kó gba inú sẹ́ẹ̀lì alààyè kọjá, kí gbòǹgbò lè yẹ ohun tó gbé wọlé wò. Lára sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyẹn ni ẹnu ọ̀nà kéékèèké wà tó jẹ́ pé omi nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tiwọn. Peter Agre tó ṣàwárí irú ẹnu ọ̀nà yìí, tó kọ́kọ́ rí i lára ẹ̀jẹ̀ èèyàn, gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́mísírì ní 2003.

Ibi tí mo ń lọ nìyí, màmá. Iṣan òkè lè jẹ́ òkú, kó máa ṣiṣẹ́. Gbòǹgbò kò lè jẹ́ òkú kó ṣiṣẹ́. Ó ń mí, ó nílò ọ́síjìn lójoojúmọ́. Nínú ilẹ̀ tó dára, ihò wà láàárín ilẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Bí omi bá kún gbogbo ihò wọ̀nyẹn, ọ́síjìn á ṣì máa wọlé, ṣùgbọ́n yóò máa rìn ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000 díẹ̀díẹ̀ ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Ohun tó bá dé kò tó nǹkan kan. Láàárín ọjọ́ kan sí méjì, gbòǹgbò ata á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ á kan, àwọn ẹnu ọ̀nà omi tí mo sọ yẹn á sì tì. Ẹ wá wò ó: ata dúró nínú omi, omi kò sì lè wọ inú rẹ̀. Ọyẹ́ ń fà á lókè, ìsàlẹ̀ ti tì. Ewé á rọ. Ẹ ó rí i pé ó rọ, ẹ ó tún bomi sí i.

Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn irun á kú, gbòǹgbò á jẹrà, àwọn olu inú ilẹ̀ tó fẹ́ràn ibi olómi á sì wọ ojú ọgbẹ́ náà. Ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n bá èyí mu. Ìrẹsì kì í ní ìṣòro yìí, kókò náà kì í sábà ní in, nítorí wọ́n ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ láàárín ara tó ń gbé ọ́síjìn láti ewé wá bá gbòǹgbò. Ata kò ní irú rẹ̀ tó tó nǹkan. Àkúrọ̀ tiwa ní ìhà yìí sì wúwo: òkè olókùúta ló yí wa ká, iyanrìn ń dúró lára òkè, amọ̀ ń ṣàn wá sí àfonífojì. Ilẹ̀ amọ̀ máa ń di omi mú, ìyẹn ló jẹ́ kó dára fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, òun náà ló jẹ́ kí omi ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ di ìjìyà fún ata.

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ fi ọkọ́ kékeré wú ata kan tó ń pọ́n, ẹ rọra fọ gbòǹgbò rẹ̀. Gbòǹgbò tó dára funfun, ó le. Bó bá ti dúdú tàbí pọ́n bí ìpáàrà, tó rọ̀, tí awọ rẹ̀ ń bọ́ bí ẹ bá fi ìka fà á, tí òórùn ẹrẹ̀ jíjẹrà sì wà lára rẹ̀, omi ló pa á. Bó bá sì jẹ́ pé kókó wú wúlewùle lára gbòǹgbò, ìyẹn kì í ṣe omi rárá, aràn wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ata, tòmátì àti ilá kò gbọ́dọ̀ padà sí ojú ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Àmì mìíràn wà tí ẹ lè wò láìwú nǹkan kan. Ní ìdájí, bí afẹ́fẹ́ kò bá gbẹ jù, ẹ wo etí ewé tòmátì àti ṣóńṣó ewé àgbàdo tó wà nítòsí. Nígbà míì ẹ ó rí omi tó tò sí etí ewé nìkan, ní kíkán kíkán. Ìrì kọ́ nìyẹn. Ìrì máa ń bo ojú ewé gbogbo. Lóru tí ihò ewé ti pa dé, gbòǹgbò ṣì ń kó iyọ̀ sínú iṣan, omi ń tẹ̀ lé e, ó ń ti omi láti ìsàlẹ̀ sókè títí yóò fi kán jáde létí ewé. Gbòǹgbò tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ wà láàyè. Bí ẹ kò bá rí i, kò túmọ̀ sí pé ó kú, ọyẹ́ lè ti gbé e lọ. (Ẹni tó bá ń rò pé ọ̀nà kan náà ni ẹmu ń gbà wá lára ọ̀pẹ, kò rí bẹ́ẹ̀. Omi tó ń ti gbòǹgbò bọ̀ kì í dùn. Iṣan tó ń gbé ṣúgà láti ewé ni adẹ́mu ń gé, ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni, ó sì wà láàyè.)

Urea ńkọ́? Rárá o. Ewé ìsàlẹ̀ tó ń pọ́n jọ ti ebi náítrójìn lóòótọ́, ó sì lè jẹ́ pé ebi ń pa ata náà. Ṣùgbọ́n oúnjẹ kò sọnù nínú ilẹ̀. Ẹnu tó yẹ kó jẹ ẹ́ ló há. Bí ẹ bá bu ajílẹ̀ sí ìdí ata tí gbòǹgbò rẹ̀ ti rẹ̀, ẹ ó sọ omi ilẹ̀ di olóyọ̀, yóò wá nira fún gbòǹgbò láti fa ìwọ̀nba tó ń rí tẹ́lẹ̀. Bó bá pọ̀ jù, omi á tilẹ̀ padà jáde láti inú gbòǹgbò bọ́ sí ilẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní "ajílẹ̀ ti jó o" nìyẹn. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ìtọ́jú rẹ̀ dára, àsìkò rẹ̀ ni kò tíì tó. Nígbà tí ewé tuntun bá ti ń yọ lókè, kí ẹ fi ìwọ̀nba sí i, kó jìnnà sí ìdí rẹ̀ tó ìbú ọwọ́ kan, kí ẹ sì fi ilẹ̀ bò ó. Èmi ì bá kúkú fi ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà dáadáa sí i.

Ti kajú kò ṣòro. Ata ń mu omi ní òkè ilẹ̀, ọ̀pọ̀ gbòǹgbò rẹ̀ kò kọjá ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà. Kajú ti sọ gbòǹgbò rẹ̀ kalẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà, níbi tí òjò oṣù kẹsàn-án ṣì wà. Ewé rẹ̀ nípọn, ó ń dán, omi kì í jáde gba ojú rẹ̀ bó ṣe wù ú. Kódà ẹ̀ẹ̀rùn ló fẹ́ láti fi tanná; òjò tó bá ká a mọ́ ìdí òdòdó, ìyẹn ló ń bà á jẹ́. Igi kọ̀ọ̀kan ló ní ọgbọ́n tirẹ̀. Àràbà ń wọ́ ewé rẹ̀ sílẹ̀, igi igbá náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, kí ó má sí ojú tí omi yóò gbà jáde. Pákí máa ń tètè ti ihò ewé rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá ti gbẹ, kódà bí ilẹ̀ kò tíì gbẹ, á sì gbọn ewé dànù bó bá le jù. Ọ̀pẹ̀yìnbó ló ya èmi lẹ́nu jù: òru ló ń ṣí ihò tirẹ̀, ó ń kó kábọ́nì dáyọ́kísáìdì pamọ́, nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́ yóò ti gbogbo rẹ̀, á wá máa fi èyí tó kó pamọ́ ṣiṣẹ́. Ata kò mọ ọ̀kankan nínú rẹ̀. Bọ́rọ̀ ṣe rí nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tó fi nílò yín.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ la poro sí àárín àwọn ìlà náà kó jinlẹ̀, kí omi lè rí ibi ṣàn lọ, kí ẹ kó ilẹ̀ tí ẹ wú níbẹ̀ sí ìdí ata, ṣùgbọ́n kó má bo ọrùn rẹ̀ jù. Bí ẹ bá tún fẹ́ lọ́ òmíràn sí àkúrọ̀, orí ebè ni kó wà. Ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ díẹ̀. Kí ẹ tó bomi, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé oríkèé kejì. Bí ó bá tutù níbẹ̀, ẹ padà sílé. Bó bá gbẹ, òwúrọ̀ ni kí ẹ bomi, kí ẹ bù ú tó, kó wọlẹ̀, kì í ṣe kí ẹ máa wọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ nígbà gbogbo. Àwọn kan á sọ pé omi ọ̀sán máa ń jó ewé. Èmi ò tíì rí ewé ata tí ìkán omi jó, ohun tó burú nínú rẹ̀ fún yín ni pé ilẹ̀ ti yó tẹ́lẹ̀.

Ní ti òkè, níbi tí omi ti ń jáde, ẹ lè dín in kù. Koríko gbígbẹ tí ẹ máa ń fi dé orí ebè iṣu, ẹ tẹ́ ẹ sí ìdí ata nígbà tí ilẹ̀ bá ti gbẹ díẹ̀, kì í ṣe nísinsìnyí tó ṣì rì. Ẹ ta imọ̀ ọ̀pẹ ní ìhà àríwá àti ìlà-oòrùn ọgbà, ibẹ̀ ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ìbòòji díẹ̀ láti aago méjìlá sí mẹ́ta kò lè pa wọ́n lára. Ẹni tó bá ń dá oko sórí ilẹ̀ oníyanrìn lẹ́bàá òkè Ògidì, kó má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn omi mi yìí. Tirẹ̀ kì í pẹ́ gbẹ, ó sì lè nílò omi lójoojúmọ́.

Ó ku ọ̀kan, mi ò sì fẹ́ kí ẹ fojú fò ó. Bí ẹ bá rí ata tàbí tòmátì tó rọ ní ìdájí, tí ewé rẹ̀ ṣì tutù láìpọ́n, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò sì jẹrà, ẹ gé igi rẹ̀ nítòsí ilẹ̀, kí ẹ fi ìdí ibi tí ẹ gé kan omi tó mọ́ gaara nínú kọ́ọ̀bù. Ẹ má mì ín, ẹ kàn máa wò ó fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí nǹkan funfun bí omi ògì bá ń ṣàn jáde wálẹ̀ bí òwú, bakitéríà ló ti dí iṣan omi rẹ̀. Kò sí oògùn tí ẹ lè fọ́n tó máa gbà á là, ẹnikẹ́ni tó bá ta irú rẹ̀ fún yín ti gba owó yín lásán. Ẹ fa á tu pẹ̀lú ilẹ̀ ìdí rẹ̀, ẹ má jù ú sínú odò, ẹ dáná sun ún lókè. Ẹ fọ ọkọ́ àti bàtà yín kí ẹ tó kọjá sí ìlà mìíràn. Ẹ má jẹ́ kí omi ibẹ̀ ṣàn gba ìdí àwọn tó kù. Lójú ibẹ̀, ẹ má gbin ata, tòmátì, ikàn, tábà tàbí ẹ̀pà fún ọdún mélòó kan. Àgbàdo tàbí ọkà bàbà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá dá yín lójú, kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Kàbà kò jìnnà sí Ìyàrá: ẹ fi ọ̀rá wé odindi ìdí kan pẹ̀lú gbòǹgbò àti ilẹ̀ rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá fà á tu gan-an.